Ológbò Tó Sá Pamọ́ Kò Dágbére

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹran tó ń bá wa gbé nínú ilé náà la tún gbé dé, ológbò ló sì kàn lónìí. Kì í ṣe ọmọ ológbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láti fi lé eku o. Èyí tó ti pẹ́ nílé ni mo ń wí: èyí tó dé kí wọ́n tó bí àbíkẹ́yìn, tó mọ ohùn ìyá àgbà yàtọ̀ sí ti àlejò, tó mọ àsìkò tí wọ́n ń dín ẹja, tí kò sì lé eku mọ́ láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Báwo la ṣe ń dágbére fún irú ológbò bẹ́ẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ má pa rédíò.

Ohun tí a máa ń gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ni pé ológbò kì í kú sójú olówó rẹ̀. Wọ́n ní bí ọjọ́ bá pé, yóò rọra dìde, yóò jáde, yóò wá kọ̀rọ̀ kan lọ, kí ó má bàa kó ìbànújẹ́ bá ilé. Àwọn kan ní ọgbọ́n ni, àwọn kan ní awo ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì ń tu ẹni tí ológbò rẹ̀ sọnù nínú. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ara ẹran náà kò yá, ó sì sá pamọ́. Lóòótọ́ ni ológbò ń pa eku jẹ, síbẹ̀ òun náà kéré tó ohun tí ajá, ẹyẹ ńlá tàbí ejò lè fi ṣe oúnjẹ. Ẹran kékeré tó bá fi hàn nínú igbó pé ara òun kò le, ó ti ránṣẹ́ pe ọ̀tá. Ìwà tí àwọn ológbò jogún nìyẹn látọ̀dọ̀ àwọn ológbò igbó tó bí wọn. Bí ara bá ń ro wọ́n, wọn kì í ké. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wọ abẹ́ ibùsùn, ẹ̀yìn àpótí, tàbí abẹ́ mọ́tò tó ti kú sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ń retí kí ara wọn yá ni. Nígbà mìíràn ara kì í yá.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹni tó bá gbà pé ológbò ti mọ bí yóò ṣe dágbére, kò ní wá a lọ. Ológbò náà yóò wà lábẹ́ mọ́tò yẹn láìrí omi mu, nígbà tí ìtọ́jú díẹ̀ ìbá ti gbé e dìde, tàbí tí kò bá tilẹ̀ gbé e dìde, kí ó má jẹ̀rora kú. Ìdágbére náà, àwa ló ni í, kì í ṣe ológbò.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Japan. Òǹkọ̀wé ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Natsume Soseki. Ní ọdún 1904, ọmọ ológbò kan tí kò nílé ya wọ ilé rẹ̀ ní Tokyo. Wọ́n lé e, ó padà. Wọ́n tún lé e, ó tún padà, ni baálé bá ní kí wọ́n jẹ́ kó máa gbé ibẹ̀. Ológbò yìí ló sọ ọkùnrin náà di olókìkí, nítorí ó kọ ìwé ìtàn kan tó jáde láàárín 1905 sí 1906, tí ológbò fúnra rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, tó ń fi ìwà ọmọ aráyé ṣẹ̀fẹ̀. Ológbò inú ìwé kò lórúkọ. Ti inú ilé náà, wọn kò sọ ọ́ lórúkọ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1908 ló kú. Soseki mú káàdì, ó fi dúdú yí etí rẹ̀ po bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú èèyàn, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó sún mọ́ ọn. Ó ní ológbò òun tó ti ń ṣàìsàn látọjọ́ pípẹ́ kú lóru láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, lórí ààrò kan nínú ilé ìkẹ́rùsí lẹ́yìnkùlé. Ó wá fi kún un pé kí wọ́n má ṣe wàhálà wíwá sí ìsìnkú, nítorí òun ń kọ ìwé lọ́wọ́. Àpárá ni, ẹ̀yin náà rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 1909, ó tún kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan nípa sàréè ológbò náà, àpárá sì ti dín kù níbẹ̀. Ó sọ bí ẹran náà ṣe ń rù, bí ó ṣe ń bì lórí ẹní, bí ojú rẹ̀ ṣe ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, tí àwọn ará ilé, òun náà pẹ̀lú wọn, ń wò ó bí ẹni tí kò rí i. Ìgbà tó kú tán ni gbogbo ilé ta gìrì. Ìyàwó ní kí ọkọ kọ nǹkan sára igi tí wọ́n máa fi sàmì sàréè. Àwọn ọmọ kó òdòdó síbẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ omi inú abọ́ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin wọn kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin ló wá fi ìpọnmi ìṣeré rẹ̀ bu omi ọ̀hún mu. Bí àyájọ́ ikú ológbò bá sì ti pé, ìyàwó á gbé ègé ẹja salmon kan àti ìrẹsì tí wọ́n wọ́n ẹja gbígbẹ lé lórí lọ síwájú sàréè. Nígbà tó yá, kò gbé e dé ẹ̀yìnkùlé mọ́. Orí àpótí aṣọ nínú ilé ló ń gbé e kà.

Ẹja yẹn, nígbà tí ológbò ṣì lè jẹun ni ìbá ti wúlò jù. Ẹ ó sì gbà fún mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Japan nìkan lèyí. A mọ àwọn tí wọn kò ra agolo Bournvita kan fún baba wọn lórí àìsàn, tí wọ́n sì pa màlúù mẹ́ta, tí wọ́n dá aṣọ ẹbí, nígbà tí baba kú. Ẹ jẹ́ kí n tètè kúrò níbẹ̀ kí wọ́n má bàa lé mi kúrò lórí afẹ́fẹ́.

Ẹni tó bá sì ń sọ pé àṣejù òyìnbó ni kéèyàn ṣọ̀fọ̀ ológbò, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni Íjíbítì wà. Herodotus, ará Gíríìsì tó kọ ìtàn ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, sọ pé ilé tí ológbò bá kú sí fúnra rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ará ilé ló máa ń fá irun ìpéǹpéjú wọn. Wọ́n á sì gbé òkú rẹ̀ lọ sí ìlú Bubastis, kí wọ́n lọ ṣe é lọ́jọ̀ kí wọ́n tó sin ín. Ní erékùṣù Cyprus, àwọn awalẹ̀pìtàn hú sàréè kan tó ti wà láti nǹkan bí 9,500 ọdún, wọ́n bá egungun ológbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun èèyàn. Àwọn Mùsùlùmí tó ń gbọ́ wa náà mọ Abu Hurayra, ọ̀rẹ́ Ànábì, tó gba orúkọ yẹn nítorí ọmọ ológbò. Wọ́n sì mọ hàdíìsì obìnrin tó de ológbò mọ́lẹ̀ láìfún un lóúnjẹ.

Ó tó bẹ́ẹ̀ nípa ìtàn. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ológbò wa ti ń sún mọ́ etí bèbè?

Ológbò tó pé ọdún kan ti tó ọmọ ọdún 15 láàárín èèyàn. Tó bá pé ọdún méjì, ó tó ẹni ọdún 24. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kan tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rin tiwa. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ológbò ọlọ́dún 15 nílé yín ti di ẹni ọdún 76. Èyí tó ń gbé inú ilé, tó ń rí ìtọ́jú, lè lo ọdún 12 sí 18. Ọ̀kan wà ní ìlú Austin ní Texas, Creme Puff lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní 1967 tí kò kú títí di 2005. Ọdún 38! Òun ló wà nínú ìwé Guinness. Ẹ má fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n o.

Ẹ máa wo abọ́ omi rẹ̀. Kíndìnrín ló sábà máa ń dá ológbò àgbà dúró. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí i pé ó ń mu omi púpọ̀, tó ń tọ̀ púpọ̀, tó sì ń rù, iṣẹ́ tó lé ní ìdajì ti bọ́ lọ́wọ́ kíndìnrín náà. Oúnjẹ tó yẹ àti oògùn lè fi oṣù tàbí ọdún kún ọjọ́ rẹ̀, bí ẹ bá tètè gbé e lọ. Tàbí kó jẹ́ pé ńṣe ló ń jẹun bí ọ̀jẹun, síbẹ̀ tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà ní ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ológbò àgbà, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí á dúró sí díẹ̀ nìyí. Ológbò tí ẹ̀yà ọrùn yẹn ń dà láàmú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tàbí tí etí rẹ̀ ti di, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń jó rẹ̀yìn nítorí ọjọ́ orí, máa ń ké lóru. Igbe náà sì máa ń gùn, á máa dún bí ẹkún ọmọ. Ẹ mọ ohun tí ará àdúgbò ń sọ sí i, pàápàá tó bá jẹ́ ológbò dúdú. Wọ́n á ní àjẹ́ ti dé. Ọ̀pọ̀ ológbò arúgbó ni wọ́n ti torí èyí lẹ̀ lókùúta pa, tí wọ́n ti da omi gbígbóná sí lára, nígbà tó jẹ́ pé etí rẹ̀ ló di tí kò fi mọ bí igbe òun ṣe ń pariwo tó, tàbí tó jí lóru tí kò mọ yàrá tí òun wà mọ́. Bí ìyá àgbà tó wà nílé bá jí lóru tó ń pe orúkọ ẹni tó ti kú, a kì í sọ̀kò lù ú. Ẹ tan iná kékeré sílẹ̀ fún un, kí abọ́ oúnjẹ àti ibi ìgbẹ́ rẹ̀ wà nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí àwọn aládùúgbò tó ṣe ìdájọ́.

Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ ti di kíákíá. Ológbò kì í gbààwẹ̀. Bí kò bá jẹun, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya lọ síbi ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́, àgàgà fún èyí tó sanra tẹ́lẹ̀. Ìró hùn-ùn tó máa ń dún lọ́rùn rẹ̀, tí a máa ń sọ pé inú rẹ̀ dùn, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Ológbò tó wà nínú ìrora náà máa ń ṣe é. Ojú ni kí ẹ wò. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Montréal ní Kánádà gbé ọ̀nà kan jáde tí èèyàn fi lè ka ìrora lójú ológbò. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń wò: bóyá etí ti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, bóyá ojú ti fún pọ̀, bóyá imú àti ẹnu ti le, bóyá irun ẹnu ti nà gbọnrangandan, bóyá orí ti wálẹ̀ ju èjìká lọ.

Tí ẹ bá rí i pé ìrora ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní Panadol. Mo tún un sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò: ẹ má fún ológbò ní Panadol, ìbáà ṣe ìdajì hóró. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti tú oògùn yẹn palẹ̀ bíi tiwa. Hóró kan ṣoṣo lè pa á, ikú rẹ̀ kì í sì í rọrùn. Ẹ má sì da oògùn kòkòrò tí wọ́n ṣe fún ajá sí i lára. Tí ẹ bá fi oògùn eku sílé, ẹ rántí ẹni tó máa jẹ eku náà.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ tí ẹnu kì í fẹ́ sọ. Ìgbà míì wà tí dókítà á ní kò sí ohun tó kù láti ṣe mọ́, àyàfi kí wọ́n jẹ́ kó sùn lọ láìjìyà. Àwọn kan nínú yín á ní Ọlọ́run nìkan ló ni ẹ̀mí. N kò bá yín jiyàn. Ẹ bi àlùfáà tàbí àáfà yín léèrè. Èrò tèmi ni pé, bí a bá ti mú ẹran wọnú ilé, tí a ń pinnu ohun tó ń jẹ àti ibi tó ń sùn, a kò lè yẹra lọ́jọ́ tó ṣòro. Alice Villalobos, dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà, ti to àwọn ìbéèrè kan tó ń ran onílé lọ́wọ́. Ṣé ìrora rẹ̀ ṣì ṣeé dín kù? Ṣé ó lè mí dáadáa? Ṣé ó ń jẹ, ó ń mu? Ṣé ó ṣì lè nu ara rẹ̀ mọ́? Ṣé ó ṣì ń mọ̀ yín? Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti ọjọ́. Ẹ mú kàlẹ́ńdà ara ògiri, kí ẹ fi bírò sàmì sí ọjọ́ tó dára àti ọjọ́ tó burú. Bí ti burúkú bá ti wá pọ̀ ju ti rere lọ, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ohun tí n kò fara mọ́ rárá ni ti àwọn tó ń di ológbò arúgbó sínú àpò ìrẹsì, tí wọ́n á lọ tú u sílẹ̀ lọ́jà tó jìnnà. Wọ́n ní àwọn kò pa á. Ológbò tí kò ríran dáadáa, tí kò léyín, tí kò mọ ọ̀nà, láàárín ọkọ̀ àti ajá! Ikú tó gùn jù ni wọ́n fún un yẹn.

Lọ́dọ̀ dókítà, oògùn oorun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un. Tó bá ti sùn wọra, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ kejì, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ iwájú lọ́pọ̀ ìgbà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkàn á dúró. Ẹ lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé e lẹ́sẹ̀, lórí aṣọ tó mọ òórùn rẹ̀. Kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé ojú rẹ̀ kì í pa dé, ó lè tọ̀ sára, iṣan rẹ̀ sì lè ta pọ́n-ún lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tó ti kú. Kì í ṣe pé ó ṣì ń jìyà. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta. Ẹ béèrè èyí tó sún mọ́ yín kí ọjọ́ tó le.

Ẹ sin ín. Ààtàn kọ́ ni ibùgbé rẹ̀, odò náà kọ́. Kí kòtò jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kó jìnnà sí kànga, kí ẹ fi aṣọ òwú wé e, kì í ṣe ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ dókítà ló gbà, oògùn yẹn ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀, ajá tó bá hú u jẹ lè kú. Bí ológbò bá ti yí ìwà padà lójijì kó tó kú, tó ń da itọ́, tó ń bu èèyàn jẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án lásán. Dìgbòlugi kì í ṣe àrùn ajá nìkan. Ẹni tó bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko wá wo òkú náà.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ má ní ó ń sùn. Ọmọ tó bá gba ìyẹn gbọ́ lè kọ̀ láti sùn lálẹ́. Ẹ má ní ó rìnrìn àjò, torí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lè tún béèrè lọ́la ìgbà tí yóò padà dé, ẹ kàn rọra tún un sọ. Tó bá fẹ́ fi ẹja sí sàréè, ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹ́ padà sídìí bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kì í ṣe ọ̀dájú.

Àgbàlagbà ni a máa ń gbàgbé. Ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó àti London, tó jẹ́ pé ológbò ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀, bí ológbò yẹn bá kú, ilé dá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Blue Cross ti ní fóònù tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pè láti ọdún 1994. Níbí, ẹsẹ̀ wa la máa fi rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ kàn ya ibẹ̀, ẹ sọ pé, "Mọ́mì, ẹ kú àfẹ́kù o," kí ẹ jókòó, kí wọ́n ròyìn ológbò wọn.

Ẹ má sì sáré gbé ọmọ ológbò tuntun wá fún wọn lọ́jọ́ kejì. Ẹ béèrè ní tiwọn ná. Bí ẹ bá sì máa gbé e wá, ẹ mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Àrùn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní panleukopenia. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilé fún ọdún kan gbáko, ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò tí a fi ń nu ilẹ̀ kò sì ràn án. Jik tí a bu omi sí ni kí ẹ fi fọ ilẹ̀ àti abọ́, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣàn án, kí ọmọ ológbò tuntun sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kó tó wọlé.

Wọ́n ti ń juwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì pé àsìkò ti lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ajá tó ń jẹ ẹyin adìẹ la ó bá wí.